Ohun tó Jó Kọ́ ló Bà Á Jẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn DJ àti Àwọn Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Wọn Ṣe ní Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ DJ tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí wáráńtì rẹ̀ ti tán. Inú mi dùn láti wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún àkòrí náà gbé yẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, wáráńtì ẹ̀rọ kì í tán. Kì í bẹ̀rẹ̀ rárá ni.

Ẹ wo bí míksà kan ṣe ń dé Ìjerò. DJ kan ti lò ó ní London tàbí ní Atlanta fún ọdún mẹ́rin márùn-ún. Ó tà á, ẹlòmíràn rà á, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹténà, ó gun orí òkun, ó bọ́ sí ọjà Alábà l'Ékòó. Níbẹ̀ ni ọmọ wa ti rà á, tó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi gba Iléṣà gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n. Bí míksà náà bá kọ̀ tí kò fọhùn lọ́jọ́ Sátidé tí òkú wà nílẹ̀, ta ni yóò gbé e padà fún? Kódà ẹni tó ra tuntun nínú páálí, tí ìwé wáráńtì ọdún kan wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò fi jókòó níbẹ̀ lè ju owó àtúnṣe lọ. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú mítà lọ́wọ́, òun gan-an ni wáráńtì. Ohun tí ẹni náà bá mọ̀, àti òótọ́ tó bá sọ, ni gbogbo ààbò tí DJ wa ní. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Bí awọ dùndún bá ya lójú agbo, àyàn kì í ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó gbẹ́ igi rẹ̀ wá. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ awọ sínú omi, bí wọ́n ṣe ń fà á bo ojú igi, bí wọ́n ṣe ń fi ọsán so ojú méjèèjì pọ̀, àti bó ṣe yẹ kó gbẹ tó kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹgọ́ lé e. Nígbà òjò, tí ohùn ìlù bá rẹlẹ̀, kì í pariwo pé ìlù òun ti bàjẹ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rinrin ló wọ awọ, á gbé e sún mọ́ iná díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlù tó bàjẹ́ àti ìlù tí ojú ọjọ́ ń yọ lẹ́nu, onílù mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí a gbé ìlù kalẹ̀ tí a gbé míksà.

Àwọn tó dá iṣẹ́ DJ hip-hop sílẹ̀ lókè òkun pàápàá kò jókòó de ẹni tó máa tún un ṣe fún wọn. Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà tó dàgbà ní Bronx ní New York, òun ni wọ́n ń pè ní bàbá orin hip-hop nítorí àríyá tó ṣe ní 11 oṣù Kẹjọ 1973 ní ilé tó wà ní 1520 Sedgwick Avenue. Bàbá rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ Shure kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ké tó bó ṣe yẹ. Ọmọ náà ló jókòó tì í, tó dán wáyà wò lọ́nà mìíràn, tó tún okùn so, títí ohùn fi jáde bí ààrá. Lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé ó mọ inú ẹ̀rọ bó ṣe mọ àwo orin.

Ní ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ Matsushita ní Jàpáànù gbé ẹ̀rọ Technics SL-1200 jáde, èyí tí ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Ní 1979 ni wọ́n gbé ìkejì rẹ̀, MK2, jáde. Wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2010, wọ́n sì tún dá a padà ní 2016. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe ní ọgbọ̀n, ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì ń yí lónìí. Ìdí ni pé mọ́tò inú rẹ̀ kò lo bẹ́líìtì tó ń gbó, èèyàn lè fi síkúrù dẹ́rẹ́bà lásán tú u, ìwé tó fi inú rẹ̀ hàn wà nílẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń hu, tàbí tí ohùn apá kan bá sọnù, okùn tó gbé ohùn jáde nídìí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi gbà pé ẹ̀rọ tí a lè ṣí ni ẹ̀rọ tí a ní. Kọntirólà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló gbé ohun gbogbo. Síbẹ̀ kò kọjá agbára wa. Ihò USB tó mì, bọ́tìnnì tó ti gbó, féédà tó ń ha, gbogbo wọn ni a lè fi òjé àti sùúrù tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, nítorí òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù Kejìlá tí òde ń pọ̀, DJ kan gbé ámpílífáyà wá bá mi. Apá kan rẹ̀ ti kú. Mo tú u, mo rí i pé àwọn tìràǹsísítọ̀ ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó. Mo yọ wọ́n, mo fi tuntun sí i, ó ń ké, mo gba owó mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún gbé e dé. Ibi kan náà, àwọn kan náà. Mo ní ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà tí mo rà kò dára, mo tún pààrọ̀ wọn, mo tún gba owó. Lẹ́yìn ọdún Kérésì ó wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ yẹn kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ kankan, ó kàn gbé e sórí tábìlì ó sì jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti máa lò ó tẹ̀ lé e?" Ó dárúkọ òde náà, mo sì tẹ̀ lé e lọ.

Nígbà tí wọ́n to ẹ̀rọ tán, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíkà mẹ́rin ni ó so pọ̀ mọ́ apá kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 8 óòmù. Tí a bá so méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, 4 ni ámpílífáyà ń rí. Tí a bá so mẹ́rin, 2 ni. Wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà gbàgà pé kò gbọdọ̀ kéré sí 4. Bí óòmù bá ṣe ń wálẹ̀ ni iná tó ń gba inú tìràǹsísítọ̀ kọjá ń pọ̀ sí i, ooru á gùn ún, á sì jó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún ohun tó jó ṣe. Mi ò tíì fọwọ́ kan ohun tó bà á jẹ́. Mo dá owó ẹ̀ẹ̀kejì padà fún un, mo tún ìkẹta ṣe láìgba kọ́bọ̀, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa pín sípíkà méjì méjì sí apá ọ̀tún àti òsì. Láti ìgbà náà ámpílífáyà yẹn kò padà wá mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé nìyí: nínú iṣẹ́ wa, ohun tó jó àti ohun tó bà á jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Òkú ni ohun tó jó, apànìyàn sì lè wà ní òpin kejì okùn. Ẹni tó bá sin òkú tí kò wá apànìyàn yóò tún sin òmíràn.

Iná ló ṣáájú nínú àwọn apànìyàn tí mo mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Iná ilé wa jẹ́ 230 fólìtì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ti Jàpáànù jẹ́ 100. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ 120V nìkan sẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Arámọkọ, ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa lò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí 100-240V sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ó lè gba tibí àti tọ̀hún. Àwọn mìíràn ní ibi tí a ti ń fi síkúrù dẹ́rẹ́bà yí i láti 115 sí 230. Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó ka owó fún ẹni tó ń tà á. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó fi owó tó fi ọdún kan kó jọ ra míksà dáradára, tó sì pa á kó tó gbọ́ orin kan nínú rẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó kà ló fo.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni níútírà tó já. Láti orí òpó, wáyà mẹ́rin ló ń bọ̀. Mẹ́ta gbé iná, ìkẹrin ni iná ń gbà padà, òun ni àwọn oníná ń pè ní níútírà. Láàárín wáyà iná kan àti níútírà, 230 fólìtì ni. Láàárín wáyà iná méjì, ó tó 400. Tí ìjì bá já níútírà lórí òpó, àwọn ilé tó wà lórí ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná láàárín ara wọn láìdọ́gba. Ilé tí ẹrù iná rẹ̀ fúyẹ́ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, ó sì lè sún mọ́ 400 yẹn. Àmì rẹ̀ rèé: gílóòbù ilé kan á mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, ti ilé kejì á sì máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú. Bí ẹ bá rí i lóde àríyá, ẹ má ṣe ìwádìí kankan. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ yín kúrò, ẹ tan jẹnẹrétọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní tirẹ̀. Nígbà tí epo bá ń tán lọ, ẹ ti gbọ́ bó ṣe máa ń sáré, táá rọ̀, táá tún sáré. Bó ṣe ń sáré yẹn ni iná rẹ̀ ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀. Ámpílífáyà ń jẹ ìyà yẹn ní tààràtà. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó da epo, ẹ má dúró kó kú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá sì ń tan ẹ̀rọ, ámpílífáyà ni kó kẹ́yìn. Tí ẹ bá ń pa á, òun ni kó ṣáájú.

Fíúsì ńkọ́? Nínú púlọ́ọ̀gì olórí mẹ́ta tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fíúsì kékeré kan wà, 3, 5 tàbí 13 ámpíà. Fíúsì ni ó ń kú kí ẹ̀rọ má bàa kú. Mo ti ṣí púlọ́ọ̀gì tí mo bá ìṣó nínú rẹ̀. Mo ti bá bébà inú páálí sìgá tó ń dán. Ẹni tó fi ìṣó sí i rò pé òun ti tún un ṣe, nítorí pé ẹ̀rọ tún ń ké. Ní tòótọ́ ó ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fíúsì tó ń jó léraléra ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe dí i lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ sún mọ́ mi nísinsìnyí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ná yín ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ owó sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá gílóòbù ayé àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, 100 wáàtì. Kì í ṣe ti ìgbàlódé tí kò gbóná o, ìyẹn kò wúlò níbí. Ẹ fi sórí ihò gílóòbù kan, kí ẹ wá ṣe é kó jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù yẹn kọjá kó tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń fi ẹ̀rọ aláìsàn sí. Ẹ kó àwọn wáyà rẹ̀ sínú àpótí igi kékeré kan, kí gílóòbù yọ síta níbi tí ojú ti lè rí i, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbé ámpílífáyà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sí i, ẹ tan án. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ fìrì, tó sì rọ̀ padà di pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, a jẹ́ pé àwọn kàpásítọ̀ ńlá ló kún, ara ẹ̀rọ dá. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ tó ń ràn bí ẹni pé kò sí ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa á kíá. Ohun kan ṣì kan ara wọn nínú rẹ̀. Láìsí gílóòbù, àwọn tìràǹsísítọ̀ tuntun tí ẹ rà ìbá ti jó kí ẹ tó ṣẹ́jú. Pẹ̀lú gílóòbù, gílóòbù ló gba ìyà náà, kò sì kú. Ẹ ó tún wá a, ẹ ó tún tan án, títí tí gílóòbù yóò fi rọ̀. Ẹ má so sípíkà mọ́ ọn títí di ìgbà yẹn. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi mítà wo ẹnu tí sípíkà ń gbà jáde. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Tí ẹ bá bá 30 tàbí 40 fólìtì tó dúró gbọnrangandan níbẹ̀, sípíkà tí ẹ bá so mọ́ ọn yóò jóná nínú.

Ní ti sípíkà fúnra rẹ̀, mítà ń sọ púpọ̀ níbẹ̀. Sípíkà 8 óòmù tí ara rẹ̀ dá máa ń fi nǹkan bí 6 hàn lórí mítà. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà inú rẹ̀ ti já. Tí ó bá fi 1 hàn, ó ti jó lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo okùn. Mi ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé sípíkà ńlá láti Òkèmẹ̀sí wá bá mi lórí ọ̀kadà, tó jẹ́ pé òjé kan ló yọ nínú ẹnu okùn rẹ̀.

Eruku ni apànìyàn kejì. Nígbà ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú àwọn òkè tó yí ìlú ká, eruku kì í béèrè kó tó wọlé. Inú féédà ló ń gbé. Féédà jẹ́ ọ̀nà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi èédú bí ọ̀dà kùn, tí irin kékeré ń rìn lórí rẹ̀. Tí eruku àti òógùn ọwọ́ bá dì síbẹ̀, ohùn á máa ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí kó sọnù kó tún padà. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnnì kùn ún. Oje tí wọ́n ń tà fún ẹnu iná, tí wọ́n kọ contact cleaner sára rẹ̀, díẹ̀ ló yẹ kí ẹ fọ́n, ẹ ti féédà náà lọ bọ̀ ní ogún ìgbà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tí èédú rẹ̀ bá ti ha tán, ìfọ̀ kankan kò lè mú un bọ̀ sípò. Nínú míksà mìíràn, féédà tó wà láàárín, èyí tí ọ̀pọ̀ DJ òde wa kì í fọwọ́ kàn, bá ti òkè mu. Mo ti fi ti àárín rọ́pò ti òkè lọ́jọ́ tí òde ku wákàtí mẹ́ta, orin sì lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ti bíà àti máàtì tí wọ́n ń dà sórí ẹ̀rọ: ẹ yọ iná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà inú rẹ̀ ló léwu, ó ń gbé iná láti ibi tí kò yẹ, ó sì ń jẹ bàbà. Omi tí a sè tó di oru tó tún di omi, irú èyí tí wọ́n ń bu sí bátìrì mọ́tò, ni kí ẹ fi fọ bọ́ọ̀dù rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọtí ìfọgbẹ́ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì.

Àìsàn kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ nínú wa ṣìwèrè: èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìsọ̀, tó sì máa ń kú lóde. Gbogbo wa la mọ Ìkògòsì níhìn-ín, ibi tí omi gbígbóná tó tó nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi orísun rẹ̀ ti ń ṣàn pàdé omi tútù. Omi kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìpàdé yẹn. Òjé ní ìṣòro. Ní gbogbo òde, ẹ̀rọ á gbóná. Lówùúrọ̀ á tutù. Irin á fẹ̀, irin á sún kì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òjé tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yà kan mú á là yíká bí òrùka, ojú kò ní tètè rí i. Nígbà tó bá tutù, ó kan ara wọn; nígbà tó bá gbóná, ó yà. Nítorí náà ni ó ṣe ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ní ìsọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun àwọn onídìrì mú un gbóná, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ọ̀dù rẹ̀ pẹ́pẹ́, láti apá kan dé ìkejì, kí orin máa lọ. Ibi tí orin bá ti já nígbà tí ẹ kàn án, ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ wákàtí méjì lè wà nínú wíwá a, òjé rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan. DJ á ní, "Ṣé òjé lásán lẹ gbowó yìí fún?" Ẹ ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ibi tí ẹ fi òjé sí lẹ gbowó fún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ayédèrú ẹ̀yà, nítorí ó ń ba orúkọ àwọn èèyàn rere jẹ́. Tìràǹsísítọ̀ méjì tó ń rìn pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ámpílífáyà, 2SC5200 àti 2SA1943, Toshiba ti Jàpáànù ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Ayédèrú wọn kún ọjà. Nọ́ńbà kan náà, àwọ̀ kan náà. Tí ẹ bá fi òòlù fọ́ ojúlówó tó ti jó, ẹ ó rí ègé kékeré tó ń dán nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fọ́ ayédèrú, ègé náà lè kéré débi pé ẹ ó wá a. Ẹ máa fọ́ àwọn tó ti jó wò. Òkú wọn ní ẹ̀kọ́. Ẹ má sì ra ogún lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò tíì ra méjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí ti di òfin. Ní oṣù Kejìlá 2022, gómìnà New York fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iná ìgbàlódé fi ìwé àti ẹ̀yà àtúnṣe lé aráàlú lọ́wọ́. Ní 2024, àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe tiwọn, fọ́ònù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lára ohun tó kàn. Èmi fẹ́ kí ó kan míksà náà. Ìwé tó fi inú ẹ̀rọ hàn ni ojú fún wa. Láìsí i, à ń táràrà nínú òkùnkùn. Mo sì gbọ́dọ̀ fi ìka kan náà tọ́ka sí ilé tiwa. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ ha orúkọ tìràǹsísítọ̀ kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe tán, kí ẹlòmíràn má bàa mọ ohun tí wọ́n fi sí i. Ọmọ iṣẹ́ wọn pàápàá kò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n lọ́la, tí ojú kò sì ríran mọ́, ta ni yóò tún ẹ̀rọ yín tó bàjẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin DJ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín: ẹ máa sọ òótọ́ nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ wá. Bí bíà bá dà sí i, ẹ wí. Bó bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ wí. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti lò ó, irú jẹnẹrétọ̀ tó wà níbẹ̀, iye sípíkà tí ẹ so mọ́ ọn, àti ohun tí ẹ gbọ́ kí ó tó dákẹ́: ṣé ó dún póò ni, ṣé ó hu ni, ṣé òórùn ló kọ́kọ́ jáde? Oníṣègùn tí aláìsàn kò bá sọ̀rọ̀ fún, àbá ló ń dá. Ẹ̀yin tó ń tún un ṣe, ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, irú ẹ̀rọ, ohun tó jó, ohun tó bà á jẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ méjèèjì. Bí ìlà kejì bá ṣófo, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun tó kù jẹ́ ti ẹ̀mí, mi ò sì ní fi pamọ́. Nínú ẹ̀rọ tó ń lo páwà ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń pè ní switch-mode, kàpásítọ̀ ńlá kan wà tó ń kó iná tó tó 325 fólìtì pamọ́, nítorí 230 wa máa ń ga tó bẹ́ẹ̀ ní góńgó rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fi síkúrù dẹ́rẹ́bà gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ra bí a ti ń rí àwọn kan tí wọ́n ń ṣe láti fi ṣe akin. Rìsísítọ̀ ńlá ni kí ẹ fi kan án, kí ẹ fi mítà wò ó títí yóò fi di òdo. Ọwọ́ kan ní àpò nígbà tí ẹ bá ń wọn ohun tó wà lórí iná, kí iná má rí ọ̀nà gba àyà yín kọjá. Jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú ilé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Èéfín rẹ̀ kì í jí ẹni tó bá sùn.

Míksà kan wà lórí tábìlì yìí, ọ̀kan nínú yín ló gbé e wá láti Ìjerò láàárọ̀ yìí. Ó ní ó ń ké nílé, kì í ké lóde. Àpótí gílóòbù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ mú síkúrù dẹ́rẹ́bà yín, ẹ bọ́ síwájú. Kí ẹni tó ni ín náà wá jókòó síbí, ìbéèrè mẹ́rin ló wà tí a máa bi í kí a tó tú síkúrù kankan.